Ṣé Kí N Fọwọ́ Síwèé Irọ́ Nítorí Róòmù 13?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, Kristẹni sì ni mí. Àwọn tó ń ṣàkóso wa ò ṣe dáadáa, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, alàgbà wa kan ní kí n ṣọ́ ẹnu mi, pé Róòmù orí 13 sọ pé Ọlọ́run ló fi wọ́n síbẹ̀, àti pé a kì í fọwọ́ kan ẹni àmì òróró Olúwa. Ní báyìí, ọ̀gá mi gbé ìwé kan wá pé kí n fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ kan ti parí, iṣẹ́ tí èmi fúnra mi mọ̀ pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé Ọlọ́run ló ga ju gbogbo wọn lọ, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì rí oorun sùn. Ṣé kí n gbọ́ràn ni? Àbí ìgbàgbọ́ mi ló kéré?"

Ìdáhùn:

Arábìnrin mi, ẹ má fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, kí ẹ má baà máa wá ibi tí mo dúró sí nínú ọ̀rọ̀ gígùn yìí. Bí ẹ ó ṣe kọ̀ ọ́ ló ní ọgbọ́n nínú, a ó sì débẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹsẹ Bíbélì méjì tí wọ́n fi dí yín lẹ́nu, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣiyèméjì lórí ohun tí Ọlọ́run sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní ranlẹ̀ níwájú ọ̀gá kankan.

"Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹni-òróró mi" wà nínú Orin Dáfídì 105, ẹsẹ 15. Ẹ ṣí i, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀; ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 12. Ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù ni, nígbà tí wọn ò tíì ju ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ lọ, tí wọ́n jẹ́ àlejò lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n ń ti ìjọba kan bọ́ sí òmíràn. Ẹsẹ 14 wá ní Ọlọ́run ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ wọn jẹ, pé ó bá àwọn ọba wí nítorí wọn. Àwọn ọba ni ìkìlọ̀ náà wà fún! Ẹ rántí Fáráò tó mú Sárà lọ sí ààfin rẹ̀, àti Ábímélékì, ọba Gérárì, tó ṣe bẹ́ẹ̀ bákan náà. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 20, Ọlọ́run lọ bá Ábímélékì lójú àlá, ó ní kó dá aya ọkùnrin náà padà nítorí wòlíì ni. Ẹ rí i pé inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni apá kejì ẹsẹ náà, "ẹ má sì ṣe wòlíì mi ní ibi," ti wá. Alágbára ni Ọlọ́run ń kìlọ̀ fún, aláìlágbára ló ń dáàbò bò. Àwa wá gbé ọ̀rọ̀ náà, a dojú rẹ̀ délẹ̀, a ń fi dẹ́rù ba aláìlágbára kó má baà sọ̀rọ̀ sí alágbára. Ó máa ń bí mi nínú, mi ò ní purọ́.

Alàgbà yín lè sọ pé Dáfídì náà pe Sọ́ọ̀lù ní ẹni àmì òróró Olúwa, kò sì fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni, ó wà nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 24 àti 26. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí 24 náà dópin. Sọ́ọ̀lù ti kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ ogun wá láti pa Dáfídì. Ó wọ inú ihò àpáta láti ṣe gáá, Dáfídì wà nínú ibẹ̀, kò pa á, etí aṣọ rẹ̀ nìkan ló gé. Lẹ́yìn náà ni Dáfídì jáde síta, ó dojú bolẹ̀ fún un, ó pè é ní olúwa mi ọba, ó pè é ní baba mi. Gbogbo ọ̀wọ̀ pé pérépéré. Ó wá gbé etí aṣọ náà sókè, ó sì sọ ojú abẹ níkòó: kí ni mo ṣe tẹ́ ẹ fi ń lé mi kiri? Kí Olúwa dájọ́ láàrín èmi àti ẹ̀yin. Sọ́ọ̀lù sunkún, ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ǹjẹ́ Dáfídì wá tẹ̀ lé e padà sílé? Rárá o. Sọ́ọ̀lù lọ sílé rẹ̀, Dáfídì àtàwọn èèyàn rẹ̀ padà sínú ibi ààbò wọn. Ohun tí Dáfídì kọ̀ láti ṣe ni kó gba ìdájọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó fi idà tiẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó pa ẹnu mọ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó fọkàn tán ẹni tó fẹ́ pa á. Nígbà tí Dáfídì fúnra rẹ̀ jọba, tó gba aya Ùráyà, tó sì ní kí wọ́n fi Ùráyà síbi tí ogun ti le kó lè kú, òróró ṣì wà lórí rẹ̀, Nátánì sì lọ bá a láàfin, ó wí fún un lójúkojú pé òun gan-an ni ọkùnrin ọ̀hún.

Ẹ má tìtorí èyí lọ bá alàgbà yín jà. Ẹ ṣí Orin Dáfídì 105 síwájú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá jókòó ní ẹ̀yin méjì, kí ẹ jọ kà á. Àwọn ará Béríà yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù wò nínú Ìwé Mímọ́, Bíbélì sì yìn wọ́n fún un, nítorí náà kò yẹ kó bí alàgbà nínú bí wọ́n bá yẹ tiẹ̀ wò.

Ó wá ku Róòmù 13. Ní nǹkan bí ọdún 57 ni Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà náà. Nérò ló wà lórí ìtẹ́; ọdún 54 ló gorí oyè. Àwọn kan máa ń sọ pé Nérò ò tíì burú nígbà yẹn, pé ẹ̀yìn iná tó jó Róòmù lọ́dún 64 ló tó dojú ìjà kọ àwọn Kristẹni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ojú Pọ́ọ̀lù ò fọ́. Kíláúdíù tó jọba ṣáájú Nérò ti lé àwọn Júù kúrò nílùú Róòmù, Ákúílà àti Pírísílà sì wà lára àwọn tó sá jáde. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ni Pọ́ọ̀lù kí ní orí 16 lẹ́tà náà. Gómìnà Róòmù ló pàṣẹ pé kí wọ́n kan Jésù mọ́gi. Nítorí náà, nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ ọ́ pé kò sí àṣẹ kan bí kò ṣe láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, kì í ṣe pé ó rò pé ẹni rere ni gbogbo aláṣẹ.

Kí ló wá ń sọ? Ẹ wo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Orí 12 parí sórí pé kí a má gbẹ̀san fúnra wa, kí a fi ẹ̀san fún Ọlọ́run. Ojú ẹsẹ̀ ló bọ́ sórí aláṣẹ tó ń jẹ oníṣẹ́ ibi níyà. Ìyẹn ni pé kí Kristẹni má gbé ìdájọ́ lé ara rẹ̀ lọ́wọ́, kó má sì rò pé torí Jésù ni Olúwa, òfin ìlú ò kan òun mọ́. Lẹ́yìn náà ló pe aláṣẹ ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run fún ire yín. Ẹni tó jẹ́ ìránṣẹ́ lọ́gàá, iṣẹ́ tí wọ́n rán an sì lójú: kó yin ẹni tó ń ṣe rere, kó bá ẹni tó ń ṣe búburú wí. Orí Bíbélì tó fún un láṣẹ ló tún pààlà fún un. Bó bá wá ń pọ́n olè lé, tó ń fìyà jẹ olóòótọ́, òun ló ń ṣàìgbọràn sí Róòmù 13, kì í ṣe ẹni tó sọ fún un.

Ẹni tó kọ orí náà ńkọ́, báwo ló ṣe gbé e? Nílùú Fílípì, wọ́n na Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn adájọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n rọra máa lọ. Pọ́ọ̀lù ní ká má rí i: wọ́n na àwa ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù ní gbangba, wọ́n wá fẹ́ tì wá jáde níkọ̀kọ̀? Kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá mú wa jáde. Wọ́n sì wá, wọ́n bẹ̀ wọ́n. Ní Jerúsálẹ́mù, nígbà tí wọ́n ti dè é kí wọ́n lè nà án, ó bi balógun ọ̀rún bóyá òfin gba irú rẹ̀. Níwájú Fẹ́sítúsì, ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ́dọ̀ Késárì. Ìtẹríba Pọ́ọ̀lù ò dí i lọ́wọ́ àtilo òfin. Ẹnu yà mí pé àwọn tó mọ Róòmù 13 sórí kì í sábà ka Ìfihàn 13, níbi tí àṣẹ ayé ti di ẹranko ẹhànnà tó ń fẹ́ ká jọ́sìn òun.

Bí a bá sì ka ọ̀kan láìka èkejì, ohun tó ń bí kì í ṣe kékeré. Ní Jámánì lẹ́yìn tí Hitler gbàjọba lọ́dún 1933, ọ̀pọ̀ aṣáájú ìjọ ló ń fi Róòmù 13 kéde pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1934, àwọn mìíràn láti oríṣiríṣi ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì péjọ nílùú Barmen, wọ́n sì tẹ́wọ́ gba ìkéde kan tó jẹ́ pé Karl Barth, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni kan, ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọn ò sọ pé kí ìjọba má sí. Wọ́n ní Ọlọ́run ló yan iṣẹ́ fún un, láti mú kí ìdájọ́ òdodo àti àlàáfíà wà; ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí ìjọba sọ ara rẹ̀ di ohun kan ṣoṣo tó ń darí gbogbo ìgbésí ayé ọmọ èèyàn. Mo fara mọ́ ìkéde náà gan-an. Síbẹ̀, ohun kan wà tó ń dùn mí nínú rẹ̀: kò sọ nǹkan kan nípa àwọn Júù, tí wọ́n ti ń fìyà jẹ nígbà náà. Èèyàn lè jà fún òmìnira ìjọ tiẹ̀ kó gbàgbé ẹni tí wọ́n ń lù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Níbo wá ni ààlà wà? Bí ẹ bá to àwọn tó ṣàìgbọràn sí aláṣẹ nínú Bíbélì tí Ọlọ́run sì yìn wọ́n, ẹ ó rí i pé ìtàn wọn jọra. Fáráò ní kí Ṣífúrà àti Púà, àwọn agbẹ̀bí, pa ọmọkùnrin Hébérù; wọn ò pa wọ́n. Nebukadinésárì ní kí Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò forí balẹ̀ fún ère. Wọn ò ṣe é. Dáríúsì fòfin de àdúrà, Dáníẹ́lì gbàdúrà. Ìgbìmọ̀ ní kí Pétérù má wàásù mọ́, ó ní Ọlọ́run ni kí àwọn gbọ́ràn sí lẹ́nu ju èèyàn lọ. Ọba ní kí o ṣe ohun tí Ọlọ́run kọ̀, tàbí ó ní kí o má ṣe ohun tí Ọlọ́run pa láṣẹ. Kò sí èyí tó jẹ́ pé inú ẹnì kan ò kàn dùn sí ọba ni. Dáníẹ́lì tí à ń wí yìí, wọ́n kó o lẹ́rú, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n kọ́ ọ ní ìwé àwọn ará Bábílónì, ó gba gbogbo rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ ọba tọkàntọkàn. Ọ̀rọ̀ owó orí ò tiẹ̀ yẹ kó gbà wá lákòókò: owó tí wọ́n fi han Jésù ní àwòrán Késárì lára, ó sì ní kí wọ́n fi ohun tí í ṣe ti Késárì fún Késárì. Ẹni tó ń sọ pé Ọlọ́run ni ọba òun kó lè sá fún owó orí, àpò rẹ̀ ló ń gbà gbọ́.

Ìwé tí wọ́n gbé wá síwájú yín ò sí lára ohun tó ṣòro láti mọ̀. Ẹ̀rí èké ni, olè sì wà lẹ́yìn rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń purọ́ pé iṣẹ́ ti parí bí kò bá sówó tó fẹ́ gbà. Ká ní ohun tí ọ̀gá yín ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ bá wọn ṣe ètò kan tí ẹ rò pé kò bọ́gbọ́n mu, tàbí kí ẹ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn tí ẹ ò dìbò fún, ìdáhùn mi ì bá yàtọ̀. Ǹ bá ní kí ẹ sọ èrò yín, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ yín.

Ẹ lè máa rò ó pé ṣé kí ẹ kúkú fiṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹ ka Àwọn Ọba Kìíní orí 18. Áhábù wà lórí ìtẹ́, Jésébẹ́lì ń pa àwọn wòlíì Olúwa. Ta ni olórí ilé Áhábù? Ọbadáyà, ẹni tí Bíbélì sọ pé ó bẹ̀rù Olúwa gidigidi. Ó kó ọgọ́rùn-ún wòlíì pamọ́ sínú ihò, àádọ́ta-àádọ́ta, ó ń bọ́ wọn. Bí kò bá sí nípò yẹn ni, ta ni ì bá ṣe é? Èlíjà pàdé rẹ̀, kò ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó tún yẹ kí ẹ fojú sí ni ohùn tí Ọbadáyà fi dá Èlíjà lóhùn nígbà tó ní kó lọ pe Áhábù wá. Ìgbà mẹ́ta ló sọ ọ́ pé Áhábù yóò pa òun. Ẹ̀rù bà á débi pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àsọtúnsọ. Ó sì lọ. Ẹ bi mí bóyá ìgbàgbọ́ yín kéré torí pé ẹ̀rù ń bà yín. Ọkùnrin tí ẹ̀rù bà tó báyìí ni Ìwé Mímọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó bẹ̀rù Olúwa gidigidi. Ara tó ń gbọ̀n kì í ṣe ẹ̀rí pé ìgbàgbọ́ ò sí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí bí ẹ ó ṣe kọ̀. Dáníẹ́lì orí 1 ni mo máa ń ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kà. Dáníẹ́lì ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun ò ní fi oúnjẹ ọba ba ara òun jẹ́. Ìpinnu ti parí kó tó ya ẹnu. Síbẹ̀ ó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ olórí ìwẹ̀fà. Olórí yẹn sọ fún un pé òun bẹ̀rù kí ọba má bẹ́ òun lórí. Dáníẹ́lì ò pè é ní ojo, kò wàásù fún un. Ó lọ bá ẹni tí wọ́n fi ṣe olùtọ́jú wọn, ó ní kó dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti omi, kó wá wo ojú àwọn lẹ́yìn náà. Ó wá ọ̀nà tí ẹlòmíràn lè gbà bọ́ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀ṣẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa ti ọ̀gá yín náà láti òkè. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nítorí náà, ẹ wọlé tọ̀ ọ́ ní òun nìkan, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì sọ irú ọ̀rọ̀ yìí: "Sà, mi ò lè fọwọ́ sí i pé ó ti parí, torí mo mọ̀ pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo lè kọ ibi tí iṣẹ́ dé báyìí. Tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó. Ọjọ́ tó bá parí, èmi ni màá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i." Ẹ má fi Bíbélì nà án ní ẹgba. Ẹ má gbé e jáde sórí Facebook kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ fi ipá mú yín, ẹ ní kó fi àṣẹ náà sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ àṣẹ burúkú ló ń kú síbẹ̀ yẹn, torí ẹni tó ń pa á kò fẹ́ kí orúkọ òun hàn. Bí iṣẹ́ yín bá ní ibi tí wọ́n ń fi ẹjọ́ irú èyí sùn, ẹ lò ó gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù ṣe lo tiẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀.

Mi ò ní ṣèlérí fún yín pé iṣẹ́ yín ò ní bọ́. Irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ máa ń dùn létí, ṣùgbọ́n Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12 ò gbà á: Hẹ́rọ́dù kan náà ló fi idà pa Jákọ́bù, tó sì ti Pétérù mọ́lé kí áńgẹ́lì tó wá mú un jáde. Ọlọ́run kan náà, ìjọ kan náà, orí Bíbélì kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta níwájú iná ní Ọlọ́run lè gba àwọn, pé bí kò bá sì gbà wọ́n, àwọn ò ní sin ère náà. Franz Jägerstätter, àgbẹ̀ kan ní Austria tó láya, tó lọ́mọ, kọ̀ láti jagun fún Hitler. Àwọn aṣáájú ìjọ tiẹ̀ rọ̀ ọ́ pé kó ro ti ìdílé rẹ̀. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1943. Ìjọ Kátólíìkì wá kéde rẹ̀ ní ẹni ìbùkún lọ́dún 2007. Ọgọ́ta ọdún ó lé ti kọjá láàárín ìgbà méjèèjì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pè é ní òmùgọ̀ ti kú kí wọ́n tó rí i.

Kí wá ni ìgbẹ́kẹ̀lé ń ṣe, bí kò bá gbani lọ́wọ́ ìyà ní gbogbo ìgbà? Ẹ wo Jésù níwájú Pílátù, Jòhánù orí 19. Pílátù ní, ṣé o ò mọ̀ pé mo ní agbára láti dá ọ sílẹ̀, mo sì ní agbára láti kàn ọ́ mọ́gi? Jésù dá a lóhùn pé kò ní agbára kankan lórí òun bí kò ṣe pé a fi fún un láti òkè wá. Ó tún fi kún un pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, pé ẹni tó fa òun lé e lọ́wọ́ ló ní ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù. Àwọn tó ń sọ pé bí Ọlọ́run bá ti fún èèyàn ní ipò, ohun tó bá ṣe níbẹ̀ ti tọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n ka ẹsẹ yẹn. Láti òkè ni àṣẹ náà ti wá, ẹ̀ṣẹ̀ sì ṣì ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n sì kan Jésù mọ́gi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí Pílátù tó sọ̀rọ̀ agbára yẹn, Jòhánù ti sọ pé ẹ̀rù túbọ̀ bà á. Ẹni tó jókòó lórí ìtẹ́ ìdájọ́ ni ẹ̀rù ń bà. Ẹni tí wọ́n dè níwájú rẹ̀ mọ ẹni tó ni ìtẹ́ náà.

Ní ti oorun yín, ẹ dín ìròyìn kù lálẹ́. Mi ò fi ṣeré. Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì, lábẹ́ ìjọba tó burú ju èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa tíì rí lọ: ẹ kọ́lé, ẹ gbin ọgbà, ẹ gbéyàwó, ẹ wá àlàáfíà ìlú náà, ẹ gbàdúrà fún un. Ó ní àádọ́rin ọdún ni wọn yóò lò níbẹ̀. Kò ní kí wọ́n jókòó máa fi àádọ́rin ọdún ṣọ́ ẹnu Nebukadinésárì. Ẹ gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ gẹ́gẹ́ bí Tímótì Kìíní orí 2 ṣe wí, títí kan èyí tí inú yín ò dùn sí. Ẹ dárúkọ ọ̀gá yín náà. Àdúrà fún un kò túmọ̀ sí pé ẹ fara mọ́ ìwé irọ́ rẹ̀.

Bó bá tún gbé ìwé náà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ dá èsì padà lórí ìwé, ní gbólóhùn bíi méjì, láìsí èébú, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ yín lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sílé, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán nínú ìjọ kó tó di ọjọ́ náà, kó má baà jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.